Láíbúrárì tó sọnù lẹ́yìn tí a gbé Ubuntu sókè, àti bí a ṣe ń wá a kàn

Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù tí fóònù mi fi dún. Ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì lẹ́bàá South Gate FUTA ní Àkúrẹ́ níbí ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú fláàṣì lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ tẹ ìwé àṣekágbá wọn, ṣùgbọ́n ètò tí ìyá fi ń ka iye ojú ìwé, tó sì fi ń já rìsíìtì, kọ̀ jálẹ̀ kò ṣí. Lóru ọjọ́ yẹn, ọmọ rẹ̀ ti gbé Ubuntu, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, kúrò ní ẹ̀dà 20.04 lọ sí 22.04. Iná lọ nígbà tí iṣẹ́ ń parí lọ, wọ́n sáré tan jẹnẹrétọ̀, kọ̀ǹpútà padà tàn, wọ́n sì gbà pé ó ti parí nìyẹn. Nígbà tí mo débẹ̀ tí mo pe ètò náà láti inú tẹ́mínà, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ohun tó kọ rèé:

./risiti: error while loading shared libraries: libssl.so.1.1: cannot open shared object file: No such file or directory

"Ọmọ mi, wọ́n ní fáìlì ò sí," ìyá wí, ó na ìka sí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn. "Fáìlì wo ni? Gbogbo fáìlì mi ló wà lójú dẹ́sítọ́ọ̀pù yìí."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí nǹkan yín kan tó sọnù."

Òótọ́ ni mo sọ. Láíbúrárì tí à ń wí yìí kì í ṣe ilé tí wọ́n ń kó ìwé sí. Fáìlì ni, tí iṣẹ́ tí ètò púpọ̀ jọ ń lò wà nínú rẹ̀: bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ kí ó tó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá, bí a ṣe ń ya àwòrán sójú gíláàsì, bí a ṣe ń tú fáìlì tí a fún pọ̀. Dípò kí ètò kọ̀ọ̀kan máa gbé tirẹ̀ kiri, gbogbo wọn ń yá ẹyọ kan lò.

Ẹ wo páàkì tí mọ́tò Ìbàdàn ti ń gbérò. Dírẹ́bà ní mánífẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́, orúkọ èrò wà nínú rẹ̀. Agbèrò ló ń pe orúkọ. Bí ẹnì kan ṣoṣo kò bá jẹ́, mọ́tò yìí kò ní gbéra, nítorí nínú ìlànà tirẹ̀, kò sí "ẹ jẹ́ ká máa lọ, yóò bá wa lọ́nà". Agbèrò yẹn ni Linux, ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́ Ubuntu lé, ń pè ní ld.so. Ó pe libssl.so.1.1, kò sẹ́ni tó dáhùn, ó sì pariwo. Mọ́tò ò bàjẹ́, ẹrù tó wà nínú bùúùtù ò sì lọ síbì kan.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn .so ló yẹ kí ẹ tẹjú mọ́ jù. libssl.so.1.1 àti libssl.so.3 dà bí ọmọ ìyá méjì: ojú wọn jọra, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n pe Táyé kò ní jẹ́ Kẹ́hìndé. Ubuntu 20.04 ń lo OpenSSL 1.1.1, àkójọ tí libssl ti ń jáde. Nígbà tí 22.04 dé, OpenSSL 3.0 ló gbé wá. Bí ìgbésókè bá ń parí, ó máa ń béèrè bóyá kí òun kó àwọn pákéèjì, ìyẹn àpò tí ètò àti láíbúrárì máa ń bá wá, tí kò wúlò mọ́ dànù. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń tẹ "y" láìkà á. Ibẹ̀ gan-an ni libssl1.1 ti ń bá pàǹtírí lọ, nítorí Ubuntu kò mọ̀ pé ètò kan wà ní /opt tó ṣì ń retí rẹ̀. Apt, irinṣẹ́ tí Ubuntu fi ń kó pákéèjì wọlé, ò bá wọn kó ètò yẹn wọlé, nítorí náà kò lè bá wọn ka orúkọ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ parí ìgbésókè náà ná

Kí ẹ tó wá láíbúrárì kankan, ẹ rí i dájú pé ìgbésókè yẹn parí lóòótọ́. Pẹ̀lú bí iná ṣe ń ṣe níbí, iṣẹ́ tó dúró ní ààbọ̀ ni mo máa ń bá ní ìdajì àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá pè mí sí. Ẹ lo àwọn àṣẹ yìí bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn:

sudo dpkg --configure -a
sudo apt --fix-broken install
sudo apt update
sudo apt full-upgrade

Àkọ́kọ́ ń parí pákéèjì tí wọ́n tú sílẹ̀ tí wọn kò tíì tò. Èkejì ń wá ohun tí pákéèjì kan nílò tí kò sí níbẹ̀. Bí full-upgrade bá sọ pé òun fẹ́ yọ nǹkan kúrò, ẹ ka orúkọ wọn kí ẹ tó gbà. Ẹ má tíì fọwọ́ kan autoremove, èyí tó ń kó pákéèjì tí kò wúlò mọ́ dànù, rárá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru, ẹ wo inú fódà /var/log/dist-upgrade àti fáìlì /var/log/apt/history.log, orúkọ gbogbo pákéèjì tí wọ́n lé lọ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àkókò rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù ìyá, pákéèjì mọ́kànlá ló ṣì wà ní ààbọ̀. Lẹ́yìn àṣẹ mẹ́rin yìí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti ń ṣe agídí láti àárọ̀ padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀, mo sì ní kí ìyá máa tẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ náà, kí ó fi bírò kọ owó sílẹ̀ ná. Èrò dínkù lẹ́nu ọ̀nà. Ètò rìsíìtì ò tíì gbọ́.

Ẹ ka ohun tó kọ dé òpin

Mo máa ń fi fóònù ya ọ̀rọ̀ náà kí n tó ṣe ohunkóhun, nítorí lẹ́yìn àṣẹ bí mẹ́wàá ènìyàn kì í rántí ohun tó kọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ètò yín bá jẹ́ èyí tí ẹ ń tẹ àwòrán rẹ̀, tó kàn ń tàn pẹ́ẹ́ tí ó sì ń kú, kò ní sọ ohunkóhun fún yín. Ẹ ṣí fáìlì rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ parí pẹ̀lú .desktop ní /usr/share/applications tàbí ní ~/.local/share/applications, ẹ wo ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Exec=, kí ẹ sì pe ohun tó wà níbẹ̀ láti inú tẹ́mínà.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde jọra, ṣùgbọ́n àìsàn wọn yàtọ̀. "cannot open shared object file: No such file or directory" ni pé a kò rí ẹni tí a pè. "version `GLIBC_2.38' not found" ni pé a rí i, ṣùgbọ́n kò tíì dàgbà tó bí ètò ṣe ń fẹ́ (GLIBC ni láíbúrárì ìpìlẹ̀ tí ètò Linux fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ń pè). "undefined symbol" ni pé ó wà níjòkòó, iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe ni kò mọ̀. "wrong ELF class: ELFCLASS32" ni pé ẹ gbé láíbúrárì bíìtì 32 fún ètò bíìtì 64. Bí "Permission denied" bá tẹ̀lé e, fáìlì wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ẹni tó ń lò ó kò láṣẹ láti kà á. Chmod, tó ń fúnni láṣẹ lórí fáìlì, lẹ nílò, ẹ má lọ wá pákéèjì kankan.

Ọ̀kan wà tó máa ń ya àwọn ọ̀gá pàápàá ní wèrè: bash, ẹni tó ń gba àṣẹ yín nínú tẹ́mínà, ní "./eto: No such file or directory", ẹ tẹ ls, ètò náà wà níwájú yín. Ẹ tẹ `file ./eto`. Bí ó bá ní "ELF 32-bit", agbèrò rẹ̀ gan-an ni kò sí lórí kọ̀ǹpútà. Ètò bíìtì 32 ní agbèrò tirẹ̀, /lib/ld-linux.so.2. Ó wọ́pọ̀ pẹ̀lú dírẹ́bà àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́. Oògùn rẹ̀ rèé:

sudo dpkg --add-architecture i386
sudo apt update
sudo apt install libc6:i386

Lẹ́yìn náà, àwọn láíbúrárì yòókù tó bá béèrè, ẹ máa fi :i386 sí ìdí orúkọ wọn.

Mánífẹ́ẹ̀sì

ld.so máa ń dúró síbi orúkọ àkọ́kọ́ tí kò jẹ́. Bí mẹ́rin bá sọnù, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò sọ. Ẹ wá ìyẹn tán, ó dárúkọ èkejì. Ẹ má jẹ́ kí ó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ béèrè gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan:

ldd /opt/risiti/risiti | grep "not found"

Lórí kọ̀ǹpútà ìyá, mẹ́ta ló jáde:

libssl.so.1.1 => not found
libcrypto.so.1.1 => not found
libicui18n.so.66 => not found

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan nípa ldd. Nígbà mìíràn ó máa ń mú kí ètò náà fúnra rẹ̀ ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ètò tí ẹ kò mọ orírun rẹ̀, tí ẹnì kan kàn fi WhatsApp ránṣẹ́ sí yín, ẹ má fi ldd yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ lo èyí, tó kàn ń ka ìwé tí kò ń jí ẹni tó ni ín:

objdump -p /opt/risiti/risiti | grep NEEDED

objdump máa ń bá pákéèjì binutils wá.

Ètò ńlá tún máa ń ní fáìlì .so tirẹ̀ nínú fódà rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ kó tó pè é. Ìwọ̀nyí kì í sí nínú mánífẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, nítorí náà ldd lè ní gbogbo nǹkan pé kí ètò sì ṣì kú. Ètò tí wọ́n fi Qt, àkójọ irinṣẹ́ fún ètò tó ní fèrèsé, kọ ni mo ti rí i jù, tí yóò ní òun kò rí "platform plugin xcb". Ẹ wá libqxcb.so nínú fódà ètò náà, kí ẹ sì fi ldd yẹ òun gan-an wò. Láti Qt 6.5 wá, libxcb-cursor0 ló sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣì rú yín lójú, ẹ ní kí agbèrò máa sọ ibi gbogbo tó wá ẹni dé:

LD_DEBUG=libs ./eto 2>&1 | less

Ó gùn bí ọjọ́ àìjẹun, ṣùgbọ́n ẹ wá orúkọ láíbúrárì yín nínú rẹ̀, ẹ ó rí fódà kọ̀ọ̀kan tó yà sí.

Ṣé kò sí lóòótọ́, àbí ó kàn jókòó síbi tí wọn kò ti ń wá a?

Agbèrò kì í wo gbogbo kọ̀ǹpútà. Ó ń wo ọ̀nà tí wọ́n kọ sínú ètò náà fúnra rẹ̀, ó ń wo LD_LIBRARY_PATH bí ẹnì kan bá yàn án, lẹ́yìn náà ó ń wo ìwé orúkọ kan tó wà ní /etc/ld.so.cache, kó tó wá ya /lib àti /usr/lib. Ẹni tí kò bá sí ní ọ̀kankan nínú ibi wọ̀nyí, bó tilẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà, kò sí nìyẹn. Àṣẹ méjì yìí ń sọ ìyàtọ̀:

ldconfig -p | grep libssl
sudo find / -xdev -name "libssl.so*" 2>/dev/null

Àkọ́kọ́ ń ka ìwé orúkọ, èkejì ń tú gbogbo ilé wò. Bí find bá rí i tí ldconfig kò rí i, inú yín dùn sí i: ẹ ò ní lo dátà kankan. Bí ó bá wà ní /usr/local/lib, `sudo ldconfig` nìkan máa ń tó, torí Ubuntu ti fi fódà yẹn sínú ìwé tẹ́lẹ̀. Bí ó bá wà níbòmíràn, bí àpẹẹrẹ /opt/maapu/lib, ẹ kọ ọ̀nà rẹ̀ sínú fáìlì tuntun kan:

echo /opt/maapu/lib | sudo tee /etc/ld.so.conf.d/maapu.conf
sudo ldconfig

Kí ẹ tó ṣe èyí, ẹ wo ohun mìíràn tó wà nínú fódà yẹn. Bí libstdc++ tàbí libssl àtijọ́ bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ ń wá, ẹ ti fi gbogbo wọn han gbogbo ètò orí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ka tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ "Bí Ubuntu tuntun bá ti lé e lọ pátápátá" ni kí ẹ lo nígbà náà.

Bí kò bá sí rárá: pákéèjì wo ló gbé e?

Orúkọ fáìlì àti orúkọ pákéèjì kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ má máa méfò.

sudo apt install apt-file
sudo apt-file update
apt-file search libxcb-cursor.so.0

apt-file update máa ń jẹ dátà díẹ̀. Bí dátà yín bá ti ń tán lọ, ẹ fi fóònù ṣí packages.ubuntu.com, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń wá inú pákéèjì, ẹ tẹ orúkọ fáìlì náà síbẹ̀, ẹ yan ẹ̀dà Ubuntu yín. Èsì kan náà ni.

Bí èsì bá jáde, ẹ mú pákéèjì tí kò ní -dev ní ìdí. Èyí tó ní -dev wà fún ẹni tó ń kọ ètò, kì í ṣe fún ẹni tó kàn fẹ́ lò ó, dátà yín ni yóò kàn jẹ.

Ìgbà mìíràn, orúkọ ti yí padà díẹ̀ lásán. Ní Ubuntu 24.04, ọ̀pọ̀ pákéèjì ló gba ìrù "t64": libssl3 di libssl3t64, libfuse2 di libfuse2t64. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn kọ̀ǹpútà bíìtì 32 kò ní lè ka àkókò mọ́ bí 19 January 2038 bá kọjá, wọ́n sì ń tún un ṣe kí ọjọ́ náà tó pé. Orúkọ fáìlì inú wọn kì í sábà yí. Ẹ fi libaio sí apá kan: nínú libaio1t64, fáìlì náà gan-an ti di libaio.so.1t64, àwọn ètò tó bá ń pe libaio.so.1 sì ń pè é lásán.

Bí ẹ bá sì ń lo ètò tí fáìlì rẹ̀ parí pẹ̀lú .AppImage tí ó ń pe libfuse.so.2 lórí 22.04, libfuse2 ni kí ẹ fi sí i. Ẹ má fi pákéèjì tí wọ́n ń pè ní fuse sí i, nítorí ó lè lé fuse3 jáde, kí ó sì kó nǹkan mìíràn dání lọ. Mo ti rí dẹ́sítọ́ọ̀pù tó di òkùnkùn báyìí ní Ìjàpọ̀, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà náà búra pé òun kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ rántí ìsọ̀ àwọn àjèjì pẹ̀lú, ìyẹn ibi orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí apt ti ń kó pákéèjì tí kì í ṣe ti Ubuntu. Bí ẹ bá ń gbé Ubuntu sókè, ó máa ń ti gbogbo ìsọ̀ pákéèjì tí kì í ṣe tirẹ̀ pa. Ẹ wo /etc/apt/sources.list.d: ẹ ó rí # níwájú ìlà, tàbí "Enabled: no" nínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí pẹ̀lú .sources. Bí ẹni tó ni ìsọ̀ yẹn bá ti ní ọjà fún ẹ̀dà tuntun yín, ẹ ṣí i padà, ẹ ṣe apt update, kí ẹ fi ètò náà sí i lákọ̀tun. Ẹ má kàn ṣí i lórí orúkọ ẹ̀dà àtijọ́.

Ìdẹwò kan tó ń bọ̀ lọ́nà

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ ìyá ti rí ìdáhùn kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. "Bọ̀dá, wọ́n ní kí ẹ kàn fi ln -s so libssl.so.3 mọ́ orúkọ libssl.so.1.1. Ìlà kan péré ni."

Mo jẹ́ kó ṣe é nínú fódà kan tí mo lè parẹ́, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Agbèrò pe libssl.so.1.1, ẹnì kan dáhùn, ó wọlé, wọ́n wo káàdì rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ẹ̀dà tí wọ́n kọ sínú rẹ̀:

version `OPENSSL_1_1_0' not found

Ìyẹn ṣì ni ìgbà tó dáa. Àwọn láíbúrárì kan wà tí kì í gbé káàdì dání. Àbùjá, ìyẹn orúkọ tí a fi ln -s so mọ́ fáìlì mìíràn, yóò gbà, ètò yóò ṣí, yóò máa ṣiṣẹ́ bọ̀, á wá kú lójijì tàbí kí ó kọ ìṣirò tí kò dọ́gba sínú ìwé owó yín. Fún ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, èyí burú ju ètò tí kò ṣí lọ. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń ṣe àbùjá báyìí ni libaio orí 24.04 tí mo mẹ́nu bà lókè, nítorí lórí kọ̀ǹpútà bíìtì 64, orúkọ nìkan ló yí nínú rẹ̀, iṣẹ́ inú rẹ̀ kò yí. Bí ẹ kò bá mọ̀ dájú bí ti libaio yìí, ẹ má dán an wò.

Bí Ubuntu tuntun bá ti lé e lọ pátápátá

libssl.so.1.1 kò sí nínú ìsọ̀ 22.04. libicu náà, nọ́ńbà rẹ̀ máa ń fò nígbà gbogbo: 66 ní 20.04, 70 ní 22.04, 74 ní 24.04. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ bá ẹni tó kọ ètò náà sọ̀rọ̀ kó fún yín ní èyí tó bá ẹ̀dà tuntun mu, tàbí kí ẹ kọ́ńpáìlì rẹ̀ fúnra yín bí orísun rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín. Èmi náà pe ẹni tó kọ ètò ìyá. Ó ti wà ní Kánádà, ó ní kọ̀ǹpútà tó fi kọ ọ́ ti bàjẹ́.

Nígbà tí ọ̀nà yẹn bá dí, ẹ gbé láíbúrárì àtijọ́ wá fún ètò yẹn nìkan, sínú fódà tirẹ̀, níbi tí ẹlòmíràn kò ti ní fojú kàn án. Ẹ lọ sí packages.ubuntu.com, ẹ yan focal, tí í ṣe orúkọ 20.04, ẹ fa libssl1.1 àti libicu66 wálẹ̀, èyí tó jẹ́ amd64, ti bíìtì 64. Ẹ má fi dpkg -i tò ó sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ kàn tú u:

mkdir /tmp/tu
dpkg -x libssl1.1_*.deb /tmp/tu
dpkg -x libicu66_*.deb /tmp/tu
sudo mkdir -p /opt/risiti/lib
find /tmp/tu -name "*.so.*"

Ìlà tó gbẹ̀yìn ń fi ibi tí wọ́n wà hàn yín. libssl.so.1.1 àti libcrypto.so.1.1 jọ wà nínú pákéèjì kan náà. Ẹ mú méjèèjì, nítorí ọ̀kan kò lè rìn láìsí èkejì. Nínú libicu66, ẹ kó gbogbo rẹ̀, àwọn náà ń pe ara wọn. Ẹ fi cp -a dà wọ́n kọ, kí àwọn àbùjá tó wà láàárín wọn lè bá wọn dé:

sudo cp -a /tmp/tu/usr/lib/x86_64-linux-gnu/*.so.* /opt/risiti/lib/

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ fáìlì kékeré kan, ẹ pè é ní /opt/risiti/bere.sh:

#!/bin/sh
export LD_LIBRARY_PATH=/opt/risiti/lib
exec /opt/risiti/risiti "$@"

Ẹ fi chmod +x fún un, kí ẹ sì yí ìlà Exec= inú fáìlì .desktop sí i. Ètò ìyá ṣí. Àkọsílẹ̀ owó ti àná wà níbẹ̀, náírà kan ò yí padà. Ìyá ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ná. Ó kọ́kọ́ fà ìwé tó ti fi bírò kọ owó àárọ̀ sí jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n wọlé.

Ẹ má kọ LD_LIBRARY_PATH yẹn sínú .bashrc láé. Mo ti bá a níbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan ní Alágbàká: gbogbo ètò tí wọ́n bá pè láti inú tẹ́mínà ló ń kọ́kọ́ gba fódà àtijọ́ yẹn kọjá, curl ò ṣiṣẹ́, git ò ṣiṣẹ́, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń bú àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wọn.

Ohun kan ṣì kù nípa OpenSSL 1.1.1. Àwọn tó ń kọ ọ́ ti ṣíwọ́ títún un ṣe fún gbogbo ayé láti 11 September 2023. Ètò ìyá kì í jáde kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi balẹ̀. Bí tiyín bá ń gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí ó ń gbé pásíwọ́ọ̀dù ènìyàn kiri, ẹ má fi ọgbọ́n yìí gbé e ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ẹ ó fi wá ètò mìíràn lọ.

GLIBC kò gba ọgbọ́n yìí

Bí ó bá jẹ́ GLIBC ni wọ́n ní nọ́ńbà rẹ̀ kéré, ètò yín ti tuntun ju Ubuntu yín lọ. 2.31 ló wà ní 20.04, 2.35 ní 22.04, 2.39 ní 24.04, kò sì sí bí ẹ ṣe lè bu GLIBC tuntun lé àtijọ́. Ẹ wá ẹ̀dà ètò náà tí wọ́n kọ́ fún Ubuntu yín, tàbí èyí tó wà ní snap tàbí flatpak, nítorí àwọn yẹn ń gbé láíbúrárì tiwọn dání. Ẹ má ṣe da libc.so.6 láti ibòmíràn lé tiyín lórí. ls, sudo, bash, gbogbo wọn ló ń pe fáìlì kan yẹn. Bí ẹ bá ti ṣe é, ẹ má pa tẹ́mínà tó ṣì ṣí, ẹ má tún kọ̀ǹpútà tàn. Fláàṣì tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ ni ẹ ó fi tan kọ̀ǹpútà nígbẹ̀yìn, kí ẹ tó lè dá fáìlì àkọ́kọ́ padà.

Àwọn tó ń lo Python

Kò gba àlàyé púpọ̀. Python ni èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò. 20.04 ní Python 3.8, 22.04 ní 3.10. Fódà venv, tí ètò Python kan ń kó láíbúrárì tirẹ̀ sí lọ́tọ̀, tí ẹ dá sílẹ̀ lórí 3.8 ti kú, ẹ má ṣe àtúnṣe rẹ̀. Ẹ pa á rẹ́, ẹ fi python3 -m venv dá òmíràn, kí ẹ sì fi requirements.txt kó ohun tó yẹ padà sínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní requirements.txt, ẹ wo orúkọ àwọn fódà tó wà nínú lib/python3.8/site-packages kí ẹ tó pa á rẹ́.

Kí ẹ tó kó irinṣẹ́ yín

Ètò tó pariwo ni ẹ tún ṣe. Àwọn mìíràn lè wà tí wọn kò tíì pè láti àárọ̀, tí wọn yóò pariwo ní ọjọ́ Àìkú nígbà tí ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi òde. Àṣẹ yìí ń tú /opt àti /usr/local wò, ó sì ń dárúkọ gbogbo ètò tí mánífẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kò pé:

find /opt /usr/local -type f -executable -exec sh -c 'ldd "$1" 2>/dev/null | grep -q "not found" && echo "$1"' _ {} \;

Ní ṣọ́ọ̀bù ìyá, ó dárúkọ méjì. Ọ̀kan ni risiti, nítorí ldd kò mọ̀ nípa bere.sh, ìyẹn kò ṣe nǹkan kan. Èkejì ni ètò skánà tí wọ́n fi ń ya ìwé ẹ̀rí, libtiff.so.5 wà níbẹ̀ tí kò jẹ́. Ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe: apt-file search, libtiff5, ó ṣì wà nínú ìsọ̀ 22.04, ìṣẹ́jú méjì.

Lẹ́yìn náà, mo tún kọ̀ǹpútà tàn láti ìbẹ̀rẹ̀, mo wọlé pẹ̀lú orúkọ ìyá, kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀ tó láṣẹ sudo, mo já rìsíìtì kan, mo ya ìwé kan. Mo wá kọ fáìlì KA-MI.txt sínú /opt/risiti: ọjọ́ tí mo ṣe é, pákéèjì méjèèjì tí mo tú àti ibi tí mo ti fà wọ́n, àti pé bere.sh ni kí wọ́n máa pè. Ìyá ní kí n tẹ ẹ̀dà kan nínú rẹ̀ lórí ìwé fún òun. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n ń ta fótókọ́pì.